Ẹ Wo Ẹni Tó Ń Bá Rìn!

Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọ̀ ara ba olóṣèlú jẹ́ ní Amẹ́ríkà, èèwọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ jẹ: kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọ̀. Bó bá sọ ọ́ gbangba pé, "Ẹ má dìbò fún un, aláwọ̀ dúdú ni," wọ́n á pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń fún un lówó á sá, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀jáfáfá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á wá àwòrán ẹnìkan tó lè dẹ́rù ba aráàlú, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán alátakò, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Olùdìbò ni yóò fúnra rẹ̀ parí gbólóhùn. Bí akọ̀ròyìn bá wá bi í, á la ojú sílẹ̀ báyìí: "Èmi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni mò ń sọ, ẹ̀yin lẹ mú àwọ̀ wọ̀ ọ́."

Ti ọdún 1988 ni baba irú iṣẹ́ yìí. George Bush àgbà ń bá Michael Dukakis, gómìnà Massachusetts, du ipò ààrẹ. Dukakis kì í ṣe aláwọ̀ dúdú o. Ọmọ àwọn Gíríìkì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni. Níbo la ó ti rí dúdú tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn lára? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan wà tó ń jẹ́ William Horton, apànìyàn tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún. Massachusetts fún un láyè kó jáde lópin ọ̀sẹ̀ kan, kò padà wọlé mọ́. Ní 1987, ó wọlé tọ àwọn àfẹ́sọ́nà méjì kan ní Maryland, ó ṣe ọkùnrin léṣe, ó sì fipá bá obìnrin lò. Ìkà ni, n kò gbèjà rẹ̀. Dukakis náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò: ní 1976, ó kọ̀ láti buwọ́ lu òfin tí ìbá yọ irú apànìyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ètò ìyọ̀ǹda náà. Àgbàlagbà lè fi ìyẹn nìkan ta kò ó, kí ó sì borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lórí tẹlifíṣàn. Ojú ló ń dẹ́rù bani. Ẹgbẹ́ kan tó ní òun ò sí lábẹ́ Bush gbé ìpolówó jáde: ojú Dukakis, lẹ́yìn náà ojú Horton, àwòrán tí ọlọ́pàá yà á, onírùngbọ̀n, tó ń wò sùn-ùn. Wọn ò dárúkọ àwọ̀. Wọ́n kàn pè é ní Willie. Ọkùnrin náà ní William ni òun ń jẹ́, pé kò sẹ́ni tó ń pe òun ní Willie rí. Ẹ gbà á gbọ́, nítorí William lè jẹ́ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Pé gómìnà ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ Bush fúnra rẹ̀, ló ń ṣèjọba nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ìyẹn ò wọ inú ìpolówó. Lee Atwater, ọ̀gá ìpolongo Bush, ti fọ́nnu pé kí àwọn tó parí, àwọn ènìyàn á máa rò pé Horton ni igbákejì Dukakis. Bush gba ìpínlẹ̀ 40. Ní 1991, tí àìsàn inú ọpọlọ dá Atwater dùbúlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dukakis. Bush ti di ààrẹ láti 1989.

Ní 2008 iṣẹ́ wá le díẹ̀. Barack Obama ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú fúnra rẹ̀, ojú gbogbo ayé ló wà, kí la tún fẹ́ fi hàn wọ́n? Wọ́n kọ́kọ́ gbé pásítọ̀ rẹ̀, Jeremiah Wright, jáde, pẹ̀lú ìwàásù tó fi gbé Amẹ́ríkà ṣépè. Obama lọ sí Philadelphia ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ó sọ̀rọ̀ gùn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àsọyé ńlá ni, kò sì pa àwọn ọ̀jáfáfá lẹ́nu mọ́, torí wọ́n ti rí ẹlòmíràn. Òyìnbó pọ́ńbélé ni lọ́tẹ̀ yìí.

Bill Ayers wà lára àwọn tó dá Weather Underground sílẹ̀ ní 1969. Ẹgbẹ́ wọn ri bọ́ǹbù sínú Pentagon ní 1972 nítorí ogun Vietnam. Obama jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ó ń lọ sílé ìwé ní Honolulu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ń bá wọn gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n fi pàdé ní Chicago, Ayers ti di ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, wọ́n jọ ń gbé àdúgbò Hyde Park, wọ́n jọ wà nínú ìgbìmọ̀ àjọ kan tó ń fowó ran aráàlú lọ́wọ́. Ó tó. Ní oṣù kẹwàá 2008, Sarah Palin, igbákejì John McCain tó ń bá Obama du ipò ààrẹ, dúró ní Colorado, ó ní Obama ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí ṣe wọléwọ̀de.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú ẹ̀. Bí ẹ bá pe agbésùnmọ̀mí fún ará Ohio lọ́dún náà, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó ló máa rí lójú? Onírùngbọ̀n inú ihò àpáta ló máa rí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí Obama. Oníṣẹ́ rédíò kan ní Cincinnati sì ti fi Hussein àárín orúkọ rẹ̀ dárà lórí pèpéle títí McCain fi ní láti tọrọ àforíjì.

Palin ńkọ́? Ní 2005, nínú ìjọ tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ní Wasilla, pásítọ̀ kan tó ti Kenya wá, Thomas Muthee, gbàdúrà lé e lórí kí Ọlọ́run dáàbò bò ó lọ́wọ́ àjẹ́. N kò rí aburú níbẹ̀; nílé wa ńbí, ta ni wọn ò tíì gba irú ẹ̀ fún rí? Ṣùgbọ́n Obama tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kenya di àjèjì, Palin tí ọmọ Kenya bá lé àjẹ́ di ará ilé. Àwa la ni òwe pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Lọ́hùn-ún, àgùntàn dúdú nìkan ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó funfun ń wàásù fún ajá ni.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí ni McCain. Ní 2000, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican ní South Carolina, wọ́n fóònù kiri pé ó ní ọmọ dúdú kan níta. Ọmọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà tọ́ láti Bangladesh ni. Ó pàdánù ìdìbò náà. Ní 2008, tí obìnrin kan ní Minnesota sọ fún un pé Lárúbáwá ni Obama, ó gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀: rárá o, èèyàn dáadáa tó ní ìdílé ni. Ó ṣeun. Àwọn Lárúbáwá tó ní ìdílé náà ń gbọ́.

Gbogbo èyí la jókòó sí Èkó tí à ń pòṣé sí: òyìnbó mà burú o! Àfi ìgbà tó di 2023 tí Gbadebo Rhodes-Vivour jáde du gómìnà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkó, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ígbò. Kíá ni wọ́n wú orúkọ Chinedu jáde fún un, bí ìgbà tí wọ́n bá ẹrù olè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Atwater ìbá tijú nítorí tiwa, torí a ò tilẹ̀ fi ọgbọ́n kankan bò ó. Ní ọjọ́ ìdìbò, 18 oṣù kẹta, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé lẹ́yìn àsọyé Philadelphia, wọ́n lé àwọn kan kúrò nídìí àpótí nítorí pé ojú wọn jọ ti Ígbò. Àwọn Yorùbá tí ojú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ náà fara gbá a.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán olùdíje ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àmì pupa yí ká, ẹ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́: olùdíje fúnra rẹ̀, kí ló ṣe? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí èmi.