Dókítà Wa Tí Kì Í Ṣe Dókítà

Kò sí ìlú ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì ti Kúárà, láti Odò-Ọwá dé Ìlọ́fà dé Òsì, tí kò ní ẹnì kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Dókítà wa. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan kò mọ̀ ọ́n rí. Ó lè jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ti aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di dókítà ni pé ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń gbowó oṣù, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sì ń fì lọ́rùn rẹ̀ kódà lọ́jọ́ ìsìnkú àgbà, lórí aṣọ ẹbí. Bí ó bá wálé fún Àjíǹde tàbí Kérésì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá wà nínú báàgì rẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí àwọn bàbá á ti máa ká apá aṣọ sókè. Á fún ẹ̀rọ náà, á dijú díẹ̀, á mi orí, á wá ní, "Bàbá, ẹ dín iyọ̀ kù o." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà, ìyẹn ló sì mú kí ó ṣòro láti bá a jà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé dókítà ni òun. Kò sì tíì sí ọjọ́ tó sọ pé òun kì í ṣe é.

Orí fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá kan bá dákú láàárọ̀ ní Odò-Ọwá, kí wọ́n tó wá ọkọ̀, kí wọ́n tó ka owó tó wà nílé, wọn á ti pe Dókítà wa. Òun ni yóò sọ bóyá Ìdó-Èkìtì ni kí wọ́n gbé e lọ, tàbí Ẹ̀gbẹ́ níbi tí àwọn míṣọ́nárì SIM dá ilé ìwòsàn sí, tàbí kí wọ́n tọ ọ̀nà Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin, kí wọ́n la ìgboro kọjá sí ọ̀nà Òkè-Oyì, níbi tí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, wà lónìí. Kí wọ́n tó bi í ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀: ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ni. Kì í bi wọ́n bóyá ìyá náà ń mí dáadáa. Ohun tó ń bi wọ́n ni ẹni tí yóò tẹ̀ lé e wá, nítorí ó mọ̀ pé bí àbúrò ìyá náà tó máa ń jiyàn bá wà nínú ọkọ̀, ọ̀sán kò ní dáa.

Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín tó, kí a tó bi ara wa pé kí ni ọkùnrin yìí mọ̀ tí a kò mọ̀. Kò mọ àìsàn ara. Àìsàn ilé náà ló mọ̀. Ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kó wà, ojú fèrèsé kan ni wọ́n ti ń gba káàdì, òmíràn ni wọ́n ti ń sanwó, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kẹta, wọn kò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ yín títí ẹ ó fi padà wá pẹ̀lú rìsíìtì láti ojú fèrèsé ìsanwó, èyí tó ti lọ jẹun. Dókítà wa mọ ọjọ́ tí wọ́n ń rí alátọ̀gbẹ àti ọjọ́ tí wọ́n ń rí olójú. Ó mọ̀ pé àyẹ̀wò kan wà tí a kì í jẹun sí, ó sì ti sọ ọ́ kí ìyá tó pàṣẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Nígbà tí ìyá bá ní ooru ń gba inú òun bọ́ sẹ́yìn, tí nǹkan sì ń rìn lórí òun, tí dókítà ọ̀dọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń kọ "ara ríro" sílẹ̀, Dókítà wa ló ń ṣe ògbufọ̀. Òótọ́ ni pé á fi àyẹ̀wò tirẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìyá nígbà tó bá ń túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ilé ìwòsàn náà fi síbẹ̀ láti túmọ̀?

Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, ó tó kí wọ́n máa san owó oṣù fúnni lé e lórí, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju pé ọmọ ìlú rẹ̀ nìkan ló ń ṣe é fún. Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní 1990, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Harold Freeman, ní Harlem Hospital ní New York, rí i pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ kì í tètè dé ilé ìwòsàn bí jẹjẹrẹ ọmú bá mú wọn, àwọn tó bá sì dé, fọ́ọ̀mù àti fèrèsé máa ń dá wọn padà sílé. Ó wá gba àwọn ará àdúgbò náà síṣẹ́, àwọn tí kì í ṣe dókítà, láti mú aláìsàn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá rí kókó lára rẹ̀ títí tí ìtọ́jú yóò fi parí. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, 39 nínú 100 àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Nígbà tí wọ́n fi amọ̀nà yìí kún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú, iye náà di 70. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é, n kò ní gbé gbogbo ògo fún amọ̀nà nìkan. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ará Harlem ń gbowó oṣù lé lórí ni Dókítà wa ń ṣe láàárín iṣẹ́ mìíràn, tó ń sá fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó lè ṣe é.

Òfin tiwa pàápàá kò dákẹ́. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè yìí, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2014, sọ ní abala 23 pé dandan ni kí olùtọ́jú ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú tó wà fún un, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́, àti ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe kàwé tó. Abala 20 ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ènìyàn. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin náà dára tó láti fi sínú fírémù. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà Emergency lóru bóyá abala 20 ló fi wọlé àbí nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìwà ìbàjẹ́ lásán ni mo ń fi aṣọ wọ̀. Wọ́n ní ìdí láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí Dókítà wa bá gbé fáìlì ìyá Odò-Ọwá láti ìsàlẹ̀ sórí, fáìlì ẹlòmíràn ló bọ́ sí ìsàlẹ̀: ti ìyàwó Fúlàní tó wá láti gáà, ti alágbàṣe tí kò gbọ́ Yorùbá, ti ọmọ ìlú tí kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n jókòó láti ìdájí, wọ́n ń wo àwọn tó dé lẹ́yìn wọn bí wọ́n ti ń wọlé lọ. Kò sì sí owó nínú rẹ̀ o, ìyẹn ló fi ṣòro fún Dókítà wa láti rí ẹ̀bi rẹ̀. Òun kì í gba rìbá. Iṣu ló ń gbà, ní ìparí ọdún, àti èlùbọ́, àti ẹran ìgbẹ́ tó bá wà. Bí ẹ bá sọ fún un pé rìbá ni, á dùn ún dọ́kàn, nítorí lójú tirẹ̀ ìmoore ni. Èmi gbà pé ìmoore ni. Mo tún gbà pé obìnrin tó wá láti gáà ló ń san án. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo ìwà ìbàjẹ́ yìí fẹ́ kí a lé Dókítà wa dànù, kí a sì fi ilé náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá Odò-Ọwá á wá bá obìnrin gáà lórí bẹ́ńṣì, àwọn méjèèjì á jọ sọnù. Irú ìdọ́gba yìí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Níbi ìwádìí ìṣègùn ni agbára rẹ̀ ti ń bà mí lẹ́rù jù. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ kì í ṣe ibi ìtọ́jú nìkan. Dókítà ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn olùdánwò tó jẹ́ kó kọjá. Nítorí náà ó ń wá aláìsàn tí yóò kún fọ́ọ̀mù, ọjọ́ sì ń lé e. Dókítà wa á bá a ṣètò. "Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí, tiwa ni wọ́n." Màmá á tẹ̀ka. Ó lè jẹ́ ìwádìí tí kò léwu rárá, bóyá wọ́n kàn fẹ́ bi í bó ṣe ń sùn. Ṣùgbọ́n abala 32 òfin kan náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìwádìí wà fún, àti ire tàbí ibi tó lè tìdí rẹ̀ yọ. Bí "tiwa ni wọ́n" bá rọ́pò àlàyé, ọ̀nà ti là fún ohun tó burú. Ní Kano ní 1996, nígbà tí àìsàn yírùnyírùn ń pa ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára nǹkan bí 200 ọmọ, oògùn tuntun fún ìdajì wọn, oògùn mìíràn fún ìdajì yòókù. Mọ́kànlá kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ìpín méjèèjì, ilé iṣẹ́ náà sì ní àìsàn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ohun tí àwọn òbí gbé lọ sí kóòtù ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 75 láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìjọba Kano.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ìwádìí jinlẹ̀ ju ohun tí a lè sọ fún ìyá àgbà ní Yorùbá, kó wo Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀ láti mọ bí iyè ṣe ń ra àwọn àgbàlagbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó kú ní 1995. Ìbéèrè wọn ní láti wà ní Yorùbá tó dán, ní ọ̀nà tí ẹni tí kò kàwé lè gbà dáhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àìmọ̀wé ni wọn ì bá máa kà sí àìsàn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé àgbàlagbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, wọ́n rí i pé àìsàn iyè ríra ń mú 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Bí Yorùbá bá gbé ìbéèrè nípa ọpọlọ dé ẹnu ọ̀nà ará Ìdíkàn, a jẹ́ pé ó lè gbé àlàyé oògùn ìfúnpá dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn alákòóso á dáhùn pé owó kò sí, àwọn dókítà ń já lọ sí ìlú òyìnbó, àwọn tó kù kò sùn, ẹ sì tún fẹ́ káwọn gba amọ̀nà. Àárẹ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí amọ̀nà náà ti wà lórí ìwé owó oṣù wọn. Ohun tó kù ni kí wọ́n fún un ní tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọdọ̀ sọ (ọ̀rọ̀ oògùn ni àkọ́kọ́), kí ó sì máa dá ẹnikẹ́ni tó bá dé lóhùn. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀, PALS ni wọ́n ń pè é. Lọ́hùn-ún náà, ẹ ó rí ọmọ wa kan tó ń bá àwọn arúgbó wẹ̀ ní London, tí ìdílé rẹ̀ nílé ń pè ní nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń fi àwòrán èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lóru. Àṣà wa yìí kò kọ omi òkun.

Kì í ṣe alákòóso ni yóò kọ́kọ́ kọ àbá yìí o. Dókítà wa fúnra rẹ̀ ni. Bí ó bá ń tọ́ obìnrin gáà sọ́nà bó ṣe ń tọ́ ìyá Odò-Ọwá, ta ni yóò rí i pé òun ló ṣe é, ta ni yóò sì gbé iṣu wá? Ìlú náà á tì í lẹ́yìn. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, bí olóṣèlú bá béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn kì í ní kó bá wọn wá tábìlì tí gbogbo aláìsàn lè bá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni pé kó bá wọn fi ọmọ ìlú kan sí i sí ilé ìwòsàn ńlá náà, ibi yòówù kí wọ́n fi í sí, nítorí Dókítà wa tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì.