Oríkì Bàtà Tí Kò Tẹ Ilẹ̀ Rí

Mo kí ọ, mo yíkàá, Air Max 1 ti ilé-iṣẹ́ Nike, ìwọ tí wọ́n ṣe fún àjọ̀dún òmìnira ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, tí wọ́n kó dé ẹnu ọ̀nà ọjà tí wọ́n sì tún kó padà kí ariwo àjọ̀dún tó sọ. Ìwọ Àìtẹlẹ̀-dá-rúgúdù-sílẹ̀, ìwọ Àìrìn-ká-ayé-já, arọ bàtà tí ó fi eléré ìje sílẹ̀ sẹ́yìn! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti sáré, wọ́n ti gba inú ẹrẹ̀ kọjá, wọ́n ti jẹ tán nídìí, síbẹ̀ kò sí ìjòyè kan tí ó mọ orúkọ wọn. Ìwọ tí o jókòó sínú páálí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín ni gómìnà àti sẹ́nétọ̀ ń torí rẹ̀ pariwo láti òru mọ́jú.

Kí ni wọ́n fi dá ọ lọ́lá tó bẹ́ẹ̀? Àsíá àtijọ́ ni, èyí tí ìràwọ̀ mẹ́tàlá tò yí ká nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ọ ní gìgísẹ̀, níbi tí eruku ti ń yára bá ẹni. Òfin àsíá ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ pé kí a má ṣe fi àsíá ṣe aṣọ wíwọ̀, kí a má sì ṣe fi polówó ọjà. Ṣùgbọ́n, ìwọ Alágbára-inú-páálí, àwọn tí wọ́n kígbe jù lọ pé wọ́n ti tàbùkù àsíá ni àwọn náà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí gìgísẹ̀ kíákíá. Mitch McConnell, àgbà sẹ́nétọ̀, ṣèlérí pé bí wọ́n bá tún gbé ọ jáde, òun ni òun yóò kọ́kọ́ rà ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà jẹ́ kí n wo ilé rẹ. Ọmọ Betsy Ross ni wọ́n ń pè ọ́, ìyá Philadelphia tí ń rán ìbòrí àga, ẹni tí wọ́n ní ó rán àsíá àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1870 ni ọmọ ọmọ rẹ̀, William Canby, tó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onítàn Pennsylvania láti pa ìtàn náà, nígbà tí ìyá àgbà ti kú tipẹ́, kò sì sí ìwé ìgbà náà kan tí ó jẹ́rìí sí i. Francis Hopkinson, aṣojú New Jersey, kò dúró de ọmọ ọmọ ní tirẹ̀: ní 1780 ó kọ̀wé sí ìjọba pé òun ni òun ya àsíá, kí wọ́n fi àgbá wáìnì kékeré kan san án fún òun. Wọn kò fún un ní ẹ̀kán kan. Ìwọ ọmọ tí òkìkí ìyá rẹ̀ kàn láìsí ẹlẹ́rìí, tí bàbá rẹ̀ kọ̀wé tí kò rówó gbà, ta ni ì bá tún ní ìran bí irú tìrẹ?

Colin Kaepernick, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ó kúnlẹ̀ ní 2016 nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ni ó sọ fún Nike pé àsíá yìí ń rán àwọn kan létí oko ẹrú, ni wọ́n bá kó ọ padà. Àwọn kan dá a lóhùn pé wọ́n fi àsíá náà kọ́ sára ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2013, nígbà tí Obama ń búra lẹ́ẹ̀kejì, ariwo kò sọ. Òótọ́ ni, èmi náà kò sì gbà pé aṣọ ń dá ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: ìràwọ̀ mẹ́tàlá, ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá, nígbà tí wọ́n sì kéde òmìnira ní 1776, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òfin rẹ̀ ka ẹrú níní léèwọ̀. Ní Philadelphia kan náà, George Washington, ààrẹ, kó ẹrú mẹ́sàn-án sílé; ní oṣù karùn-ún ọdún 1796, nígbà tí òun àti aya rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ, Ona Judge rọra bọ́ sí ìta, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire, wọn kò sì rí i mú padà títí ó fi kú. Bàtà, forí jì mí bí mo bá yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ni mo ń wò, òun rìn.

Mo padà dé, Ẹlẹ́rù Gìgísẹ̀! Doug Ducey, gómìnà Arizona nígbà náà, kọ ọ́ sí Twitter lóru pé ẹnu òun kò lè ròyìn ìjákulẹ̀ òun, lẹ́yìn náà ni ó ròyìn rẹ̀ ní ẹsẹ ẹsẹ. Nítorí rẹ ni ó ṣe pàṣẹ kí wọ́n fawọ́ owó ìrànwọ́ tí ó lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là sẹ́yìn, èyí tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fún Nike láti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ìlú Goodyear, níbi tí ènìyàn tí ó ju 500 lọ yóò ti ríṣẹ́. Àwọn ará Goodyear, tí wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ jẹ́, ní àwọn kò ní yẹ àdéhùn tiwọn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Owó rẹ nìkan ni ó rìn. Dọ́là 140 ni wọ́n ní kí wọ́n tà ọ́. Àwọn díẹ̀ nínú rẹ tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò di ohun tí wọ́n ń bèèrè ju 2,000 dọ́là lé lórí ní ọjà StockX, kí StockX náà tó tì ọ́ síta. Ọlọ́jà méjì lé ọ, o kò sì tíì jáde nínú páálí! Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún pé, àwòrán gómìnà Arizona jáde níbi àríyá, bàtà Nike ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Má bínú sí i, Àìtẹlẹ̀. Kò rí ìwọ rà ni.