Ọkọ̀ Tí Kì í Mu Epo Ti Dé, Ẹ Gbé Jẹnẹrétọ̀ Jáde

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce gbé àbá òfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá pé tó bá fi máa di 2035, kí ọkọ̀ oníná rọ́pò ọkọ̀ elépo nílẹ̀ wa. Àbá náà ò rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ike Ekweremadu, tó jẹ́ igbákejì olórí ilé nígbà náà, sọ pé epo ni Nàìjíríà ń tà, ọkọ̀ oníná á sì pa ọjà wa lára. Lójú tèmi, wọ́n kàn da ara wọn láàmú ni. Ẹni tó bá fẹ́ dènà ọkọ̀ oníná ní Nàìjíríà kò nílò àpérò, kò nílò ìbò. Kó ṣáà fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ bó ṣe wà.

Alàájì tó ni ilé tí mo ń gbé n'Íbàdàn kò ro ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ epo ló sú wọn. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti wọ ẹgbẹ̀rún kan. Alàájì ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ta ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà, wọ́n forí lé Èkó láti lọ ra ọkọ̀ oníná, wọ́n ní kí n ká lọ.

Ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó ní, "Alàájì, ẹ ò ra epo mọ́ láyé yín. Ẹ ò pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní sàláńsà. Tí ẹ bá ti ki í bọ iná, á kún."

Alàájì ní, "Iná wo?"

"Iná ilé yín ni o, Alàájì."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, Alàájì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló mú owó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò sì parọ́ o. Gbogbo ohun tó sọ nípa mọ́tò, òótọ́ ni.

Alàájì wọlé, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kò dún. Wọ́n tún un tẹ̀, kò dún síbẹ̀. Ọmọ náà sáré dé, ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ o, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni." Wọ́n wá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tọ́tù. Ọkọ̀ oníná kì í fara balẹ̀ kó agbára jọ bíi ti elépo, gbogbo ipá rẹ̀ ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ta kìjí. Alàájì ké Bísímílà, èmi di ilẹ̀kùn mú.

Kí n má purọ́, ó dùn ún wà. Tí Alàájì bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ dẹwọ́ eré, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà ní Kara, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí gbogbo mọ́tò ti ń sun epo lórí ìdúró, tiwa dákẹ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Alàájì ń wo àwọn yòókù tìkà-tẹ̀gbin.

Ìgbà tí títì là lẹ́yìn Mowe lọ̀rọ̀ yí padà. Alàájì fẹsẹ̀ lé e. Eré àsápajúdé kò bá ọkọ̀ oníná lára mu, atẹ́gùn tó ń bá jà á máa gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Kìlómítà 250 ló kọ sójú dígí nígbà tí a gbéra, àmọ́ èyí tó ń já níbẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí a ń rìn lọ. Alàájì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tó yá, wọ́n pa rédíò. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ náà, o ò kúkú sanra jù báyìí?"

Ọlọ́pàá dá wa dúró kí a tó wọ Ìbàdàn. Ó ní ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọjú, ó tún yọjú.

"Alàájì, ẹ́ńjìnnì dà?"

"Kì í lo ẹ́ńjìnnì, ọ̀gá. Mọ̀nàmọ́ná ló ń lò."

Ó gba ìwé ọkọ̀, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí. Ó ní, "Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà, ẹ́ńjìnnì ò sí. Ta lẹ tà á fún?"

A ṣàlàyé títí ẹnu fi bó. A dé Ìwó Road, wàhálà mìíràn. Ní Yúróòpù, láti 2021 ni òfin ti ní kí gbogbo ọkọ̀ oníná tuntun máa dún díẹ̀ tí kò bá tíì sáré tó kìlómítà 20 ní wákàtí, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́ ọ. Láàárín ariwo àwọn takisí Máíkírà Ìbàdàn, ta ni yóò gbọ́? Ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì bojú wẹ̀yìn, ó rí bọ́ńpà nídìí ìgbá rẹ̀, ó ké: "Alàájì, kí lẹ wá ń yọ́ rìn bí olè sí?"

Ilé la ti wá mọ ohun tí a rà. Bátìrì yẹn gba yúníìtì 40. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kì í fún un ju yúníìtì méjì àti díẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ó tó wákàtí 18 kó tó kún. Àdúgbò tí wọ́n bá fi sí Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, wọ́n sì gbé owó yúníìtì wọn sí náírà 225 ní oṣù Kẹrin 2024. Tiwa kò sí níbẹ̀. Iná a dé lóru, Alàájì a sáré ki wáyà bọ ọkọ̀, ni Ìyá Sùkúrà tá a jọ ń gbélé a bá yọjú lójú fèrèsé: "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mọ́tò díẹ̀ kí n fi lọ aṣọ." Àwa ayálégbé pèpàdé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé ayálégbé ni mọ́tò ni, kó máa dá owó iná?

Ni Alàájì bá gbé jẹnẹrétọ̀ jáde. Ẹ gba pẹ́ńsù, ká jọ ṣírò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré a máa mu tó ìdajì lítà kó tó mú yúníìtì kan jáde. Yúníìtì 40, lítà 20. Ọkọ̀ á fi rin bíi kìlómítà 250. Corolla ìyàwó wọn, tí ẹ bá da lítà 20 kan náà sí i, bíi kìlómítà 250 lòun náà máa rìn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì ní sí níbẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo ti ń fi jẹnẹrétọ̀ mu ún.

Ìjọba náà ò kúkú jókòó lásán. Ní 2021, wọ́n ṣí ibùdó kan tó ń fi oòrùn fún ọkọ̀ níná ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ní Sókótó. Ọ̀nà ibẹ̀ sí Ìbàdàn lé ní kìlómítà 700, Alàájì ní láti gba iná ní ọ̀nà kí wọ́n tó débi tí wọ́n ti fẹ́ lọ gba iná. Ohun tí à ń wá nínú àpò ṣòkòtò ló wá lọ wà ní Sókótó. Iná gbogbogbò sì rèé, ní oṣù Kẹwàá 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá mọ́tò jà. Níbi tí iná bá wà, yúníìtì 16 tó kìlómítà ọgọ́rùn-ún. Ní 225 ti oṣù Kẹrin 2024 yẹn, náírà 3,600 nìyẹn. Epo tí Corolla máa fi rìn ín lé ní 8,000 tí lítà bá ti wọ ẹgbẹ̀rún kan. Norway náà ń ta epo, bóyá wọn ò bá Ekweremadu sọ̀rọ̀ ni, nítorí ní 2024, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ oníná. Omi ló ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn, kì í sì í dákú bíi tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, ẹ má tíì bi ẹni tó ń tà á léèrè iye kìlómítà tó ń rìn. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn oníná àdúgbò yín ní iye wákàtí tí wọ́n ń fún yín, tí kò bá tó nǹkan, ẹ ka owó sólà mọ́ owó mọ́tò. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ má ṣòfin kankan lórí ọkọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí iná wà, àwa la máa wa mọ́tò fúnra wa.