Omi Kì Í Gòkè, Èmi Ni Mo Gòkè

Omi kì í gòkè. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo jókòó sí pálọ̀ ilé mi ní Gwarinpa, ní Àbújá, tí mo fa ìtìjú yọ nínú rẹ̀. Èrò mi lọ báyìí: bí odò bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti àdúgbò mi títí dé òkun, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò náà yóò máa bá a sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò ní í wa pẹ́dà. Yóò kàn di ańdù mú, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí i lójú, yóò máa kí àwọn ará oko, títí yóò fi bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja létí òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Hamburg ló kó èyí sí mi lórí. Bí ìsinmi bá ti dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ a gun kẹ̀kẹ́, wọn a tọ odò Elbe lọ sí Cuxhaven, níbi tí odò náà ti wọ Òkun Àríwá. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sẹ́bàá odò yẹn gùn ju 1,200 kìlómítà lọ, láti orí òkè ilẹ̀ Czech títí dé òkun. Nínú fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́, àgùntàn ń jẹko lórí òkìtì tí wọ́n fi dí omi, ẹ̀gbọ́n mi dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò làágùn, ikùn rẹ̀ sì yọ ju tèmi lọ. Ikùn yẹn ló mú mi gbà pé kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Mo ṣí máàpù lórí fóònù. Gwarinpa kò ní odò ńlá. Àwọn odò tín-ín-rín tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá la ní, a kì í sì í rántí wọn àfi nígbà òjò, tí wọ́n bá wọlé onílé. Ṣùgbọ́n omi agbègbè wa ń lọ bá Usuma, odò tí wọ́n sé lápá Bwari tí Àbújá fi ń rí omi mu. Usuma gba Gwagwalada kọjá, ó lọ bá Gurara. Gurara lọ bá Odò Ọya. Odò Ọya pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja, ó kọjá Idah àti Onitsha, ó wá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Àbújá fi ohun tó ju 350 mítà ga ju òkun lọ, Lọ́kọ́ja kò tó 100. Mo yọ èyí kúrò nínú èyí, mo rẹ́rìn-ín. Ìṣirò náà péye. Ohun tí n kò ṣírò ni pé odò ló ń gba àfonífojì. Àwọn tó la títì kò bá a dá májẹ̀mú kankan.

Ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Ayọ̀, ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?”

Mo ní ṣebí àwọn Lander. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Bussa, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì bá Odò Ọya lọ dé òkun. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń jiyàn lórí ibi tí odò náà ń ṣàn sí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí ló parí iyàn.

“Ẹ ṣeun. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn lójú ọ̀nà?”

Ibẹ̀ ni ohùn mi ti rẹlẹ̀. Àwọn kan dá wọn lọ́nà lójú omi, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n mú àwọn fúnra wọn, ó sì di ìgbà tí ẹnì kan láti ìlú Brass dúró fún owó ìràpadà kí wọ́n tó fojú kan òkun.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ìyàwó mi wí. “Ẹ rántí fi nọ́ńbà àbúrò yín sílẹ̀. Òun ni kí wọ́n pè, kì í ṣe èmi.”

Nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé yìí, a fẹnu kò pé n ó gun kẹ̀kẹ́ dé Gwagwalada, bí 50 kìlómítà sí ilé wa, n ó sì fi bọ́ọ̀sì dé Lọ́kọ́ja. Bí n ó ṣe ti Lọ́kọ́ja dé òkun, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo rà. Ẹni tó tà á gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tí jíà rẹ̀ sì pọ̀. Mo wò ó, mo ní kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Kí ni ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé òkun fẹ́ fi jíà ṣe? Mo mú èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń díje lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìjókòó rẹ̀ náà tín-ín-rín, ni mo bá ra ṣòkòtò àwọn eléré kẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n fi tìmùtìmù sí nídìí. Ọmọ mi kékeré wò mí láti ẹ̀yìn, ó figbe ta: “Mọ́mì, Dádì ti wọ pámpásì!”

Mo di ẹrù. Mo ti kà á pé ibà ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó bá Ajayi Crowther wọ Odò Ọya ní 1841, àti pé nígbà tí Crowther tún padà lọ pẹ̀lú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie ní 1854, kuníìnì tí wọ́n ń lò déédéé kò jẹ́ kí òyìnbó kankan kú. Torí náà mo kó oògùn ibà tó lè wo odidi ọkọ̀ ojú omi sàn. Mo kó sítóòfù, gààrí, ẹ̀pà, tẹ́ńtì, ṣòkòtò ìwẹ̀, àti jákẹ́ẹ̀tì pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Pọ́ǹpù nìkan ni mo gbàgbé.

Mo gbéra ní ìdájí. 3rd Avenue rọra ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo ti wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ ń sáré fúnra rẹ̀, mo sì ń fi àánú ronú nípa àwọn tó ń sanwó epo. Ìgbádùn náà parí lẹ́nu géètì àdúgbò wa. Bí mo ṣe bọ́ sí òpópónà Kubwa, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Mo tẹ pẹ́dà, ẹrù ẹ̀yìn fà mí, táyà iwájú sì gbéra nílẹ̀ bí ẹṣin tó rí ejò. Àwọn tírélà ń fun fèrè lé mi lórí. Mo sọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́.

Àwọn obìnrin Gbagyi, tó ni ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ìyá kan tó gbé igi ìdáná sí èjìká bá mi lórí òkè náà, ó sì kọjá mi. Ó kí mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn, èémí kò sí. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ṣòkòtò mi, ó sì fọwọ́ gbá èjìká kejì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ó ṣe tán láti bá mi gbé e. Mo mi orí. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo mi orí.

Báyìí ni mo ṣe kọjá Kubwa, mo kọjá Dei-Dei, mo dé Zuba. Àpáta Zuma, tó máa ń lọ kíákíá bí mo bá wà nínú mọ́tò, wá dúró síbẹ̀, ó ń wò mí. Mo yí sọ́nà Gwagwalada, kò pẹ́ tí táyà ẹ̀yìn fi sọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ nù. Mo rí fọkanáísà lábẹ́ igi. Ó lẹ túùbù náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu túùbù kéré ju ti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ló bá fi bírò àti rọ́bà so wọ́n pọ̀. Ó wá bi mí pé mélòó ni kóun fún un. N kò mọ iye tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀gbẹ̀rì, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ní: “Kún un.”

Ó kún un. Ẹ̀rọ tó ń fún táyà tírélà ní afẹ́fẹ́ ló fi kún un. Ìró tó jáde mú kí àwọn ọlọ́kadà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá oníṣu wọ abẹ́ tábìlì, ẹni tó ń kí ìrun sáré parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìbọn, gbogbo wọn dìde, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n wá dojú kọ ẹni tó wọ pámpásì. Túùbù tí mo rí rà níbẹ̀ tóbi ju táyà mi lọ, a sì ṣẹ́ ẹ po kó tó wọlé. Láti ibẹ̀ dé Gwagwalada, bí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ṣẹ́ po yẹn a gbé mi sókè, a sì dá mi padà sórí ìjókòó tín-ín-rín.

Mo dé odò Usuma lọ́sàn-án gangan. Oṣù Kẹta ni. Nínú gbogbo ìṣirò mi, n kò rántí pé láti oṣù Kẹwàá ni òjò ti lọ. Ìyanrìn ló pọ̀ nínú odò náà. Omi wà láàárín rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà gbà. Àwọn ọmọkùnrin ń fọ ọ̀kadà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó ìyanrìn sínú típà. Mo pe ìyàwó mi láti sọ pé mo ti dé odò, ọ̀kan nínú àwọn oníyanrìn náà sì gbọ́ èdè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o.” Ọmọ Ọ̀ffà ni. “Ẹ má bínú, kí lẹ fẹ́ fi nǹkan pupa yẹn ṣe?”

“Kí n má baà rì ni.”

Ó wo omi náà. Kò dé orúnkún ẹnikẹ́ni. “Nínú èwo?”

Mo ní òkun ni mò ń lọ. Kò rẹ́rìn-ín, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó ní òun kò mọ òkun lápá ibẹ̀, àmọ́ gáréèjì Lọ́kọ́ja kò jìnnà, kí n gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Mo wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, ìdí mi sì kọ̀ jálẹ̀. Mo bi í pé níbo ni típà wọn ń lọ.

“Gwarinpa ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ń kọ́lé ní 6th Avenue.”

Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Gbogbo wa tí a ń kọ́lé kún Gwarinpa kò tọ odò kankan lọ síbì kan rí. Odò ni a ń kó wá sílé, ọkọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì. Mo dúnàádúrà. Dírẹ́bà gba owó mi, ó gba ti kẹ̀kẹ́, ti kẹ̀kẹ́ ló sì wọ́n jù.

Orí ìyanrìn tútù ni mo jókòó sí, mo fi jákẹ́ẹ̀tì pupa náà tẹ́dìí, ìyẹn ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe ní gbogbo ìrìn àjò yẹn. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí a dé, dírẹ́bà ti gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́yìn. Mo kàn rí i pé ọ̀run ń yí ni. Típà gbé ẹ̀yìn sókè, èmi, kẹ̀kẹ́, sítóòfù àti ìyanrìn Usuma sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sínú ọgbà onílé, láìwa pẹ́dà rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ létí omi lápá ọ̀dọ̀ wa, kó jí lọ sí adágún Jabi. Ó sún mọ́lé, èèyàn ò sì lè ṣìnà níbẹ̀. Ẹja tí ẹ fẹ́ lọ jẹ létí òkun, ọjà ẹja Kado ní in.

Mo ti fi kẹ̀kẹ́ náà ta mégádì wa lọ́rẹ. Ó pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tó nípọn, ó so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń fi ìfé gun òkè tí mo fẹsẹ̀ gùn. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé, ó ń bá mégádì ilé kejì sọ̀rọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà kò ní àbùkù kankan, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù.