Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Onífíìmù ní Lálúpọn: Ẹ Gbé Rìmóòtù Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo sì kí jẹnẹrétọ̀ yín, òun tó ń fi ariwo pè wá wá wo fíìmù, tí kì í tún jẹ́ ká gbọ́ fíìmù ọ̀hún. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí tí mo bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rín lẹ máa fi mí rín.

Ọ̀rọ̀ Sátidé tó kọjá ni. Ẹ gbé House of Ga'a sí i. Femi Branch ò tíì jókòó dáadáa sípò Baṣọ̀run Gáà tí ẹ ti ń tẹ rìmóòtù bí ẹni ń yí àgbàdo lórí iná. Ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ìjà làwọn èèyàn wá wò!" Ló bá di Lisabi. Kò pẹ́ tí ẹni tó jókòó tì mí fi bi mí pé, "Kí ni Ọ̀yọ́ ń wá lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá gan-an?" Ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ẹ̀ wà nínú èyí tí ẹ yọ.

Mo mọ̀ pé ilé kan náà kọ́ ló ṣe méjèèjì. Bolanle Austen-Peters ló darí ti Gáà, tó jáde lórí Netflix lóṣù keje ọdún 2024. Niyi Akinmolayan ló darí Lisabi: The Uprising, tó tẹ̀lé e lóṣù kẹsàn-án, Lateef Adedimeji sì ni Líṣàbí. Wọn ò bára wọn ṣàdéhùn, ìtàn ló so wọ́n pọ̀. Gáà rán ọba mẹ́rin sọ́run tẹ̀léra. Ó fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ká ìgbèríko Ọ̀yọ́, àwọn ló sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àgbọ̀nyín, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, náà kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1774, Abíọ́dún rẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Ibi tí adùn ẹ̀ wà nìyí, Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà Abíọ́dún yìí kan náà làwọn òpìtàn fi ọ̀tẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá lábẹ́ Líṣàbí sí! Ọba tí a ṣàánú rẹ̀ lánàá, àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ààfin rẹ̀, làwọn Ẹ̀gbá ń pa lónìí. Ẹni tó bá ti ìjà bẹ̀rẹ̀, òṣìkà lásán ni Ọ̀yọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Gáà, á mọ irú ilé tí ìlàrí ti jáde wá.

Ẹ máa ní Mad Max ńkọ́. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2015, George Miller da mọ́tò sí aṣálẹ̀ nínú Fury Road, kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ẹ sì wò ó ní àwòtúnwò. Ọdún 2024 ló tó fi Furiosa sọ bí Furiosa, obìnrin inú fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, ṣe dàgbà, ó sì parí ẹ̀ síbi tí ti àkọ́kọ́ ti gbéra. Níbẹ̀, mo gbà fún yín: ìjà yẹn dá dúró, tèmi gan-an ni pé ó dùn ju gbòǹgbò ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló bá George Miller gbé ní Lálúpọn?

Èyí tó dùn mí jù, inú Lisabi fúnra ẹ̀ náà lẹ tún ti fo nǹkan. Ẹgbẹ́ Àáró ni Líṣàbí fi kó ogun jọ: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, Ọ̀yọ́ rò pé ebè ni wọ́n ń kọ. Àgbẹ̀ bíi tiyín tó ń jẹ àáró lọ́dọọdún ló wá fi rìmóòtù fo àáró! Ẹ tún ní ti Ẹ̀gbá ò kan àwa ọmọ Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n, abúlé Ẹ̀gbá Gbágùúrá ni Ìbàdàn kí àwọn ọmọ ogun tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829.

Sátidé tó ń bọ̀, Gáà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa mú rìmóòtù dání. Ẹ sì jẹ mí ní ọjọ́ kan àáró láti ìgbà tí a ti kọ ebè yín tán. Ẹ má fo ìyẹn náà o.

Àbúrò yín ni.