Ìjàpá, Ọ̀gá Àwọn Òṣìṣẹ́ Aláàánú

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo àti ẹgbẹ́ aláàánú àwọn ẹranko Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ẹgbẹ́ náà ń bọ́ àwọn ọmọ òrukàn etí ọ̀sà. Lékèélékèé ló ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Nígbà tí òṣìṣẹ́ pé 20, Erin alága ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa gbani síṣẹ́ láìṣègbè, tí yóò sì rí i pé owó oṣù jáde lásìkò, pé aláìsàn rí ìsinmi. Ìjàpá ní òun ló yẹ. Wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ó ní, "Mo mọ gbogbo ẹranko, mo sì mọ ibi tí oúnjẹ oníkálukú wà."

Wọ́n gbà á.

Lọ́jọ́ kìíní, Yánníbo di akápò. Lọ́jọ́ kejì, Òkété ọ̀rẹ́ Ìjàpá, tí kì í jáde lọ́sàn-án, di awakọ̀ ọ̀sán fún bọ́ọ̀sì ìrẹsì ẹgbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti Ewúrẹ́ wá ń fẹsẹ̀ ru ìrẹsì láti Ìkòròdú gba Ìtòíkìn dé Ẹ̀pẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọn ò rí kọ́bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, owó wa."

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹbí kan náà ni wá. Iṣẹ́ àánú là ń ṣe. Ọ̀run lẹ̀san yín wà."

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní, nínú 100 náírà owó oṣù, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Nínú ìwé, Ìjàpá yọ 8 tiwọn nínú owó tí kò san, kò sì dá 10 kankan. Wọ́n ní níbo ló kó o sí, ó nàka sókè.

Lọ́jọ́ kan, Lékèélékèé dé láti yẹ ìwé wò. Ìjàpá ti kọ́ Òdídẹrẹ́ lórin oríyìn. Òdídẹrẹ́ la ẹnu, orin mìíràn ló jáde:

Lílé: Ìjàpá, owó oṣù wa dà?
Ègbè: Ó dọ̀run!
Lílé: Owó ìfẹ̀yìntì wa ńkọ́?
Ègbè: Ó dọ̀run!
Lílé: Bọ́ọ̀sì ìrẹsì tó ń gbé Yánníbo ròde ńkọ́?
Ègbè: Ayé ló wà!

Lékèélékèé ṣíwèé owó oṣù, ó ń pe orúkọ. "Àrọ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́!" Kẹ́kẹ́ pa. "Ẹpìyà olùkọ́!" Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ.

Ológbò, tó ń ná ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ Àrọ̀ dáadáa. Yíyan ni wọ́n yan án. Èmi ni mo jẹ orí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Lékèélékèé ní, "Ó sì fọwọ́ sí owó oṣù yìí?"

Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun rẹ̀.

Erin dájọ́: kí Ìjàpá ta ilé, kó san gbèsè gbogbo òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà, kó ru ìrẹsì dé Ẹ̀pẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ìjàpá béèrè iye tí wọn yóò san fún òun. Gbogbo ẹranko nàka sókè.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ "owó oṣù", orí rẹ̀ a wọlé. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ ṣàánú ọmọ òrukàn, kó kọ́kọ́ sanwó ẹni tó ń ru ìrẹsì ọmọ náà.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Pó, pó, pó!