Ẹni Tí Ìyá Kò Bí Ti Kọ́lé

Ní 1839 ni wọ́n gbé òǹkọ̀wé Mark Twain dé ìlú Hannibal ní Missouri, l'Amẹ́ríkà. Ní 1853, ó fi ìlú náà sílẹ̀. Ilé tí wọ́n gbé ti di mùsíọ́mù, ìyẹn dára. Àmọ́ Becky Thatcher, ọmọ inú ìwé rẹ̀ lásán, náà nílé tirẹ̀ ní òdìkejì títì! Àwa tí ìyá bí ṣì ń sanwó ilé.

Tom Sawyer, ọmọ inú ìwé kan náà, ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìwé, ó fọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a kun ọgbà ní ẹfun, wọ́n tún fi ohun ìní wọn san ọ̀yà fún un. Lọ́dọọdún, ní oṣù Keje, àwọn ọmọdé Hannibal ń díje níbi ọgbà kíkùn. Tom ò tíì tú wọn sílẹ̀.